Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Bá Ọ̀rẹ́ Dápàárá

Ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán orí fóònù dápàárá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àbújá níbí, kí ó kọ́kọ́ wá ohun tí gbogbo wọn jọ mọ̀. Àpáta Zuma, tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Kàdúná, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó 100 náírà, yẹ fún un gidigidi, nítorí pé ibì kan wà lára rẹ̀ tó jọ ojú àti ẹnu ènìyàn. Nínú áàpù ìyàwòrán, ya àpáta sí ìpele (layer) ìsàlẹ̀, kí o sì ya fìlà tí o fẹ́ dé e sí ìpele mìíràn, kí àṣìṣe ara fìlà má baà ba àpáta jẹ́. Èmi a máa fi òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ etí fìlà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ojú á gbà pé àpáta dé fìlà lóòótọ́.

PNG, irú fáìlì àwòrán kan, ni kí o fi àwòrán náà pamọ́ sí.

Bí ọ̀rẹ́ bá fi tirẹ̀ fèsì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí o bá ṣẹ̀fẹ̀, má ṣe fọwọ́ kan ìrísí rẹ̀ tàbí ẹ̀yà rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, fìlà yín ti bo àpáta lójú o, kò ní rí mọ́tò tó ń bọ̀ láti Kàdúná” ti tó.