Descriptor Kì í Ṣe Fingerprint: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ó ti sú mi láti máa wo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ fífi kọ̀ǹpútà ṣe àfiwé mólékù bí wọ́n ṣe ń sanwó kọ̀ǹpútà tí wọ́n háyà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìlà kan péré nínú kóòdù wọn ni wọ́n ti ṣìnà.

Èkínní, ẹ má ṣe fi Tanimoto, ìyẹn òṣùwọ̀n láti 0 dé 1 tí ó ń sọ bí fingerprint méjì ṣe jọra tó, wọn descriptor. Fingerprint bíi ECFP4 jẹ́ ọ̀wọ́ 0 àti 1, tí bit kọ̀ọ̀kan ń sọ bóyá ẹ̀yà kan wà lára mólékù. Bí ọ̀kan bá ní bit 40 tí ó jẹ́ 1, tí èkejì ní 50, tí wọ́n sì jọ ní 30, Tanimoto wọn jẹ́ 30 lórí 60 (40 pẹ̀lú 50, kí a yọ 30 kúrò), ìyẹn 0.5. Descriptor ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí a ṣírò tàbí tí a kà, bí ìwọ̀n mólékù, logP (bí mólékù ṣe fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ) àti iye ìdè tí ó lè yí.

Èkejì ni ó ń dùn mí jù. Ìwọ̀n aspirin jẹ́ 180, ti caffeine jẹ́ 194, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 14. Ìyàtọ̀ 2 péré nínú logP túmọ̀ sí ìlọ́po 100 nínú bí mólékù ṣe ń pín sáàárín octanol, tí ó dúró fún ọ̀rá, àti omi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìṣirò ìjìnnà láìkọ́kọ́ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà, 14 yóò gbé 2 mì. Èmi náà ṣe é rí. Mo pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, mo ya àwòrán aláwọ̀ mèremère, mo sì gbé e síwájú àwọn ọ̀gá mi tìyangàn-tìyangàn, kí ẹnì kan tó bi mí pé ṣé kì í ṣe pé mo kàn to mólékù láti orí èyí tí ó fúyẹ́ dé orí èyí tí ó wúwo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Excel ìbá ti tò ó láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ yọ iyọ̀, ìyẹn ion tí ó kàn bá mólékù rìn bíi sodium tàbí chloride, kúrò lára mólékù kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun.

Ààlà Tanimoto 0.85 tí wọ́n fi ń sọ pé mólékù méjì jọra, tí wọ́n jogún láti ara àwọn fingerprint àtijọ́ kò bá ECFP4 mu, nítorí pé mólékù méjì tí ó jọra dáadáa lè má dé 0.6 níbẹ̀.

Ẹ má sì fi bit kan ṣoṣo jẹ́rìí. Bí a bá ká fingerprint Morgan, ìyẹn irú èyí tí ECFP4 jẹ́, sí bit 2048, ẹ̀yà méjì tí kò bára tan lè bọ́ sórí bit kan náà, yàtọ̀ sí MACCS, fingerprint mìíràn tí ìtumọ̀ kọ́kọ́rọ́ 166 rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bákan náà, bí ẹ kò bá sọ fún RDKit, àkójọ kóòdù tí a fi ń ṣírò wọn, pé kí ó ka ìyàtọ̀ ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì sí, fingerprint Morgan kan náà ni yóò fún mólékù méjì tí wọ́n jẹ́ àwòrán ara wọn nínú dígí, ìwọ̀n àti logP wọn kò sì ní yà wọ́n sọ́tọ̀.