Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Sísọ Àfòpiná Lórúkọ

Gbogbo àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀wà ló mọ kòkòrò tó máa ń lu òdòdó àti èèpo ẹ̀wà wọ inú. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀. Onímọ̀ kòkòrò kan, Fabricius, sọ ọ́ ní vitrata lọ́dún 1787. Ní 1832, onímọ̀ mìíràn, Geyer, sọ àfòpiná kan náà ní testulalis. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Maruca testulalis ni àwọn olùwádìí ń kọ sínú ìwé wọn, títí kan àwọn ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Lónìí, Maruca vitrata là ń pè é, torí orúkọ tó kọ́kọ́ dé ló ni ipò.

Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé jù ni ti ẹni tó ń wá vitrata nìkan. Ohun tí kò bá rí, á ní kò sí. Mo ti ka àbá ìwádìí kan rí tó sọ pé kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò yìí nílẹ̀ Nàìjíríà kí 1990 tó dé. Ó dùn mí. Iṣẹ́ náà wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, orúkọ àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Ọmọ kan lè jẹ́ Olúwaṣeun nílé ìwé, kó jẹ́ Àjàní lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè Olúwaṣeun ládùúgbò tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Àjàní á rìn títí. Irú orúkọ kejì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sínónímù. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ tó dúró, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún tó sọ ọ́.

Ẹ má sì fojú fo àkámọ́ tó yí orúkọ ẹni tó sọ kòkòrò lórúkọ ká. Kòkòrò tó ya wọ oko àgbàdo wa, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní Áfíríkà ní 2016, ni Spodoptera frugiperda (J. E. Smith, 1797). Bí ẹ bá yọ àkámọ́ yẹn kúrò, ohun tí ẹ ń sọ ni pé Smith fúnra rẹ̀ ló fi í sínú jẹ́nọ́sì (ìyẹn agbo àwọn ẹ̀yà tó bára tan) Spodoptera. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí 1852 ni Guenée ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Spodoptera sílẹ̀. Inú Phalaena ni Smith fi í sí.

Spodoptera frugiperda yìí kan náà fi hàn wá ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ ìyẹ́ nìkan dájọ́. Akọ rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun létí ìyẹ́ iwájú. Ti abo rí ràkọ̀ràkọ̀ bí eérú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀yà méjì ni. Ní 1856 nìkan, Francis Walker tó ń to àkójọ kòkòrò fún British Museum sọ ọ́ lórúkọ tuntun mẹ́ta: inepta, plagiata àti signifera. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí à ń wò níbí ni táìpù, ìyẹn kòkòrò gan-an tí wọ́n fi sọ orúkọ náà, tó wà lórí abẹ́rẹ́ nínú àpótí mùsíọ́mù. Òun ni kí ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ yín wé, kí ẹ sì yẹ ojú ara rẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Àyẹ̀wò DNA wúlò gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi DNA kòkòrò kan sínú àkójọ orí kọ̀ǹpútà bá ti kọ orúkọ tí kò tọ́ mọ́ ọn, àṣìṣe yẹn náà ni kọ̀ǹpútà máa dá padà fún yín.

Èyí tó le jù ni kí èèyàn ka àṣìmọ̀, ìyẹn fífi orúkọ ẹ̀yà kan pe ẹ̀yà mìíràn, sí sínónímù. Nígbà kan rí, àwọn ìwé máa ń da àfòpiná ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Helicoverpa zea pọ̀ mọ́ Helicoverpa armigera ti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Ẹni tó bá kó gbogbo “armigera” inú ìwé àtijọ́ sójú kan máa ní armigera ti wà ní Amẹ́ríkà tipẹ́, bẹ́ẹ̀ 2013 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Brazil. Ní irú ibi báyìí, ẹ kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé báyìí ló ṣì í mọ̀.

Ẹ má sì kàn sáré hú orúkọ àtijọ́ jáde. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ẹranko lórúkọ gbà kí orúkọ tuntun dúró bí wọn kò bá ti lo ti àtijọ́ lẹ́yìn 1899, tí òǹkọ̀wé mẹ́wàá, ó kéré tán, sì ti lo ti tuntun nínú ìwé 25 láàárín 50 ọdún tó kọjá.

Orúkọ ìbílẹ̀ náà níyì lójú mi, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ. Àmọ́ kì í tó. Ẹ̀yà Anaphe tó ń pèsè òwú sányán ju ẹyọ kan lọ. Àwọn èèyàn wa ń jẹ ọmọ Cirina forda tó ń gbé lórí igi òrí, wọ́n sì ń jẹ ti Anaphe venata. Ti Anaphe yìí ní èròjà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, àwọn dókítà sì ti so ó mọ́ àìsàn kan tó ń mú ara gbọ̀n, tí èèyàn kò ní lè rìn gún. Bí ẹ bá kọ “kòkòrò jíjẹ” nìkan sára ìgò, dókítà tó ń wá ohun tí aláìsàn rẹ̀ jẹ kò ní rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.