Ta Ni Kó Gbẹ́ Ẹ́ńjìnnì Rotary Mi?

Ilé epo ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Tí ọkọ̀ náà bá tutù, ẹẹ̀kan tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ ló ń sítáàtì. Àmọ́ tó bá ti gbóná, tí mo pa á láti ra epo, ó parí nìyẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi á máa fọn fèrè, èmi á máa bẹ irin. Manchester ni mò ń gbé, òjò ibẹ̀ kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ ẹni kọ̀.

Mazda RX-7 ni, ti ọdún 1989, oníturbo. Ẹ́ńjìnnì rotary tí wọ́n ń pè ní 13B ló wà nínú ẹ̀: kò ní písítìn, rotor méjì, irin onígun mẹ́ta tó ń yí nínú ilé rẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan 654 cc. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn compression ẹ́ńjìnnì rotary, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó (bar ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), torí rotor kan ní ojú mẹ́ta, èyí tó ga jù nìkan ni ẹ̀rọ ti ẹ́ńjìnnì písítìn máa ń fi hàn. Rotor iwájú mú 7.0, 6.9 àti 7.1 bar wá. Ti ẹ̀yìn mú 6.7, 3.9 àti 4.2. Tó bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bíi 6 bar, títú ló kù. Ojú méjì tó jọ wálẹ̀ yẹn ló tú àṣírí: apex seal kan (irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí igun rotor tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò) ló dúró láàárín ojú méjì, tó bá ṣẹ́, méjèèjì ló ń jò.

Mo tú u fúnra mi nínú gáréèjì. Igun apex seal kan ti kán, kò ju èékánná ọmọdé lọ, àmọ́ ó ti fa ilé rotor ẹ̀yìn ya bí ẹni fi ìṣó ha ògiri. Ìyẹn di rírà.

Ibẹ̀ ni ojúkòkòrò ti wọlé. Ẹ́ńjìnnì rotary kò ní fáàfù. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà lára irin ẹ̀gbẹ́, rotor fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i tó sì ń dé e bó ṣe ń yí. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò yẹn fẹ̀, ó tètè ń ṣí, ó sì ń pẹ́ kó tó padé, agbára á pọ̀ sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkankíkan. Ẹ́ńjìnnì ti wà ní títú, mo ní kí n kúkú gbẹ́ ẹ. Ta ni yóò gbẹ́ ẹ ni ìṣòro, torí irin tó bá ti dà sílẹ̀ kò ṣeé lẹ̀ padà.

Mo pe bọ̀dá mi n'Ìbàdàn, mẹkáníìkì tó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú.

"Fáàfù ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní, bọ̀dá."

"Písítìn ńkọ́?"

"Kò ní."

"Ṣé ẹ̀rọ ìlọta lo lọ rà ni?"

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé. Ó ní, "Ẹni tó máa tò ó ni kó gé e. Tí wọ́n bá di méjì, ìwọ lo máa jẹ gbèsè."

Mi ò tíì gbà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é fúnra mi. Mo ra páálí tí wọ́n ti gé ní àwòrán ihò náà, mo wá irin ẹ̀gbẹ́ kan tó ti bàjẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ ẹ ta lọ́wọ́ mi, ó fi ilà kan ha ojú irin níbi tí síìlì ẹ̀gbẹ́ rotor ti ń rìn. Ojú kò fẹ́ẹ̀ rí i. Mo fi èékánná wọ́ ọ, ó kọ́ ọ. Mo pa ẹ̀rọ, mo lọ fọ ọwọ́.

Ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù sọ fún mi pé bridge port ló yẹ mí. Wọ́n á ya ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi irin díẹ̀ sílẹ̀ láàárín bí afárá kí síìlì igun (èyí kékeré tó wà ní igun ẹ̀gbẹ́ rotor, kì í ṣe apex seal) lè gbabẹ̀ kọjá. Ó dún dáadáa nínú fídíò tó fi hàn mí, mi ò purọ́. Àmọ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí kí ihò èéfín tó padé, epo tí kò jóná á sì máa bá èéfín jáde tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan. MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbí, kò gbà kí èéfín ọkọ̀ tèmi ní ju CO (gáàsì olóró) 3.5% àti HC (epo tí kò jóná) 1,200 ppm lọ. Mo bi í léèrè. Ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń "wá ọgbọ́n dá sí i". Ọgbọ́n wo?

Iléeṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé gbígbẹ́ nìkan ni tiwọn: ẹ fi irin ránṣẹ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á dá a padà. Iṣẹ́ wọn mọ́. Mo bi wọ́n pé tó bá fọ́ ńkọ́, wọ́n ní ó lè jẹ́ ẹni tó tò ó, ó lè jẹ́ ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi padà sọ́kàn mi.

Bàbá òyìnbó kan ní Yorkshire ni mo wá bá, nínú ahéré páànù lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ agbára rárá. Ó ní, "Kí lẹ fi ń ṣe?" Mo ní mo máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Fraidé, lọ sí òde ìnáwó, mo sì máa ń wà á lọ sí Wales nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kun irin ẹ̀gbẹ́ mi ní aró búlúù, ó gbé rotor lé e, ó yí i díẹ̀díẹ̀. Síìlì igun fa ilà kan síta, síìlì ọ́ìlì fa òmíràn sínú. Ó fi ìka sáàárín méjèèjì. "Ibi tí mo láṣẹ dé nìyí." Tó bá kọjá sí ìta, síìlì igun á já sínú ihò. Tó bá kọjá sínú, ọ́ìlì á máa wọlé pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ó gbé irin ẹlòmíràn tó wà ní igun ilé fún mi: wọ́n ti gbẹ́ ẹ títí tó fi lu ibi tí omi ń gbà.

Díẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa tò ó, ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà sì wà nínú ọgbà kan náà. Owó rẹ̀ fi £700 ju ti ọmọkùnrin yẹn lọ. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dámi, ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ kéré jù ló tún fẹ́ gbowó jù?" Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo san án.

Ó gbà kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìtò. Ìgbà tó di bóòtù iwájú tán, ó gbé aago ìwọ̀n sí i láti wo bí ọ̀pá àárín ṣe ń mì síwá sẹ́yìn. Ó yẹ kó wà láàárín 0.04 sí 0.07 mm. Abẹ́rẹ́ aago kò mì rárá. Ojú tèmi ni pé ó ti le dáadáa nìyẹn. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó tú u padà: béárìn abẹ́rẹ́ kan ló ti yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, bóòtù sì ti fún un mọ́lẹ̀. Ó tún un tò. 0.05.

Mo fi sùúrù wà á fún 1,000 máìlì, mi ò jẹ́ kí turbo ṣiṣẹ́. Ó ti yege MOT. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pa á ní ilé epo kan náà, mo ra epo, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo pe bọ̀dá mi, mo gbé fóònù sẹ́bàá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. "Ata ẹ̀ kúná," ló wí.