Bí a ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí NVQ nídìí ẹ̀rọ ìlagi ní Ìlú Ọba

Káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ lagi tàbí fági níbi iṣẹ́ rẹ̀ lè gba NVQ (National Vocational Qualification, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́) Level 2 nínú Wood Machining láì padà sí ilé ìwé. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ gan-an ni wọn yóò fi dán an wò.

1. Ẹ yẹ ibi iṣẹ́ yín wò
Bí ẹ kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí tó jẹ́ pé pákó nìkan lẹ̀ ń rù, kò sí ohun tí assessor, ìyẹn ẹni tó ń dán iṣẹ́ yín wò, fẹ́ wá wò. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń lò sílẹ̀: circular saw, bandsaw, planer, thicknesser, spindle moulder. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín gbọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òun ni yóò gbà kí àlejò wọlé, òun náà ni yóò sì jẹ́rìí yín. Level 2 ni ti ẹni tó lè to ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kó sì fi ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Level 3. Ní Scotland, SVQ ni wọ́n ń pè é.

2. Ẹ wá ibi tó láṣẹ
Ẹ béèrè orúkọ àjọ tó máa fún yín níwèé ẹ̀rí, kí ẹ sì wá ìwé ẹ̀rí náà lórí àkọsílẹ̀ Ofqual, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ẹ̀rí, bó bá jẹ́ England lẹ wà. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣáà sanwó, kí ẹ wá gbàwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láì dé ibi iṣẹ́ yín rárá, gbájúẹ̀ ni.

3. Ẹ kó ẹ̀rí jọ
Fọ́tò, ìwé ìwọ̀n pákó tí wọ́n fún yín gé, àti lẹ́tà ọ̀gá yín, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú portfolio, ìyẹn fáìlì ẹ̀rí yín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn máa ya fèrèsé tó ti parí. Fèrèsé yẹn kò sọ ẹni tó ṣe é. Ìgbà tí ẹ ń to ẹ̀rọ, tí ẹ ń pààrọ̀ abẹ, tí ẹ ń wọn pákó àkọ́gé, ìyẹn ni kí ẹ yà, kí ojú yín sì hàn.

4. Ọjọ́ tí assessor bá dé
Níbí ni ọ̀pọ̀ àwa tí a kọ́ṣẹ́ nílé ti ń ní wàhálà, kì í sì í ṣe pé ọwọ́ wa kò dá. Nílé, gáàdì, ìbòrí tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ ayùn, kì í pẹ́ lára ẹ̀rọ; wọ́n á ní kò jẹ́ káwọn ríran. Assessor tó bá rí irú ìyẹn máa dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi circular saw ṣe àpẹẹrẹ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ayùn, ẹ pa iná rẹ̀ lára ògiri, kí ẹ sì tì í kí ẹlòmíì má baà tàn án. Riving knife, irin pẹlẹbẹ tó dúró lẹ́yìn ayùn, kò gbọdọ̀ jìn sí eyín ayùn ju mìlímítà 8 lọ ní ojú tábìlì. Òun ni kì í jẹ́ kí pákó pa ẹnu dé, kó fún ayùn, kó sì ta padà lu èèyàn láyà. Ẹ sọ gáàdì kalẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó. Bí pákó bá ku mìlímítà 300 kó tán, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ fi push stick tì í. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ohun tó ń yí. Bó bá wọ́ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ ló ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ o. Eruku igi lè fa ikọ́ sémìísémìí (asthma), eruku igi líle sì lè fa jẹjẹrẹ imú. Òfin kò gbà kí ti igi líle kọjá mílígíráàmù 3 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, ní ìpíndọ́gba wákàtí 8. Ìrókò àti arère tiwa, tí wọ́n ń pè ní obeche lọ́hùn-ún, wà lára àwọn igi tí eruku wọn ń yọ èèyàn lẹ́nu jù. Bí assessor bá bi yín nípa igi, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

5. Ìbéèrè ẹnu
Wọ́n á bi yín ní ìdí tí ẹ fi ṣe ohun tí ẹ ṣe. Ọmọlúàbí kì í fẹ́ gbéra ga, nítorí náà a máa ń sọ pé “a ṣe é”. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹlòmíì ṣì máa tún iṣẹ́ assessor yẹ̀ wò kí ìwé ẹ̀rí tó jáde.

6. Káàdì CSCS
Ẹni tó ń dé ibi ìkọ́lé lè fi Level 2 gba káàdì CSCS aláwọ̀ búlúù, káàdì tó ń fi hàn níbi ìkọ́lé pé èèyàn mọṣẹ́, tí yóò sì fi Level 3 gba èyí tó láwọ̀ góòlù, bó bá ti yege nínú ìdánwò ìlera àti ààbò ti CITB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé, láàárín ọdún 2 sẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ inú wọ́kṣọ́ọ̀bù nìkan ló ti ń gégi lè má nílò káàdì yìí rárá, kó bi ọ̀gá rẹ̀ kó tó náwó sí i.