Ẹ kọ́kọ́ to orúkọ yín: ìtọ́sọ́nà fún ọ̀dọ́ olùwádìí n'Ífẹ̀ àti Iléṣà

Kí ẹ tó máa wá jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, tí ẹ máa fi pépà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, ẹ jókòó ti orúkọ yín ná. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nílé, bí wọ́n pe ènìyàn ní Adéwálé, bí wọ́n pè é ní Wálé, bí wọ́n pè é ní Táíwò, gbogbo ará ilé mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ̀rọ tó ń to ìwé ìwádìí jọ kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kọ “Ogunleye, A. T.” sórí pépà kan, tí ẹ kọ “Taiwo Ogunleye” sórí èkejì, tí ẹ tún kọ “Ogunleye Taiwo Adewale” sórí ẹ̀kẹta, ó lè kà yín sí ẹni mẹ́ta, kó sì pín ìtọ́kasí yín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Fọ́ọ̀mù tiwa níbí, orúkọ bàbá ló sábà máa ń ṣíwájú. Ojú òpó jọ́nà kò rí bẹ́ẹ̀: “First name” ni orúkọ àbísọ, “Last name” tàbí “Family name” ni orúkọ bàbá. Ẹni tó bá yí i po yóò rí i pé “Taiwo, O.” ni wọ́n fi ń tọ́ka sí òun nínú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì, àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn tí pépà bá ti jáde kò sì rọrùn. Ní ti àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ, àwọn ojú òpó kan ń gbà wọ́n, àwọn mìíràn ń sọ wọ́n di àmì ìbéèrè. Ẹ yan ọ̀nà ìkọ kan, ẹ má sì yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti ní pépà kí ẹ tó ṣègbéyàwó, ẹ lè máa lo orúkọ ilé bàbá yín lọ lórí ìwé, tàbí kí ẹ so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú àmì ìsopọ̀. Kò sí èyí tó burú, kó ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan.

Bákan náà ni orúkọ ibi iṣẹ́. “OAU” tàbí “Ife” nìkan kò tó. Ẹ kọ ọ́ jáde: orúkọ ẹ̀ka yín, Obafemi Awolowo University, Ile-Ife, Nigeria. Ẹ̀yin ará Iléṣà tí ẹ ti tẹ iṣẹ́ jáde nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ yín ṣì ń jẹ́ Osun State College of Education, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lórí pépà àtijọ́, nítorí òun ló jẹ́ òtítọ́ nígbà náà. University of Ilesa ni kí ẹ máa kọ sórí èyí tí ẹ bá ń kọ báyìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ gba nọ́ńbà ORCID ní orcid.org, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń ya olùwádìí kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíì tó ń jẹ́ irú orúkọ rẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún olùwádìí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ni, ní ìsọ̀rí mẹ́rin-mẹ́rin. Lẹ́tà X lè gbẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Ẹ fi ímeèlì méjì sí i, ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ara yín. Bí wọ́n bá ti ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ pa lẹ́yìn tí ẹ bá kẹ́kọ̀ọ́ yege, tí òun nìkan lẹ fi wọlé, ẹ ó ráágó kí ẹ tó tún rí ojú ewé yín. Níbi “Also known as”, ẹ to gbogbo ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ti kọ orúkọ yín sí, àti èyí tó ní àmì ohùn kíkún. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ ní èdè Yorùbá lè fi àkọlé rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, kó sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ sínú àpótí “Translated title”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bọ́ àmì kúrò lórí àkọlé Yorùbá nítorí pé ẹ ń bẹ̀rù ẹ̀rọ.

Google Scholar, ojú òpó Google tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ ìwádìí, ló kàn. Ẹ tẹ “My profile”, ẹ kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe yàn án, ẹ yan ẹ̀ka ìwádìí tí kò ju márùn-ún lọ, kí ẹ sì fi ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ tó parí sí .edu.ng jẹ́rìí sí i, torí láìsí ìjẹ́rìí yẹn, ojú ewé yín kò ní jáde nígbà tí ènìyàn bá ń wá yín. Yóò wá gbé àwọn pépà síwájú yín pé ṣé tiyín ni. Ẹ má kàn gbà á tán. Orúkọ wa jọra wọn púpọ̀; iṣẹ́ oníṣègùn kan tó ń jẹ́ orúkọ yín lè bọ́ sí abẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ẹ yan pé kí ó máa fi ímeèlì bi yín kó tó fi pépà tuntun kún un. Bí pépà kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sàmì sí méjèèjì, ẹ tẹ “Merge”. h-index tí ẹ máa rí níbẹ̀, ọdún 2005 ni Jorge Hirsch gbé e kalẹ̀: ẹni tó ní 4 ní pépà mẹ́rin tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó kéré tán. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

Láti inú tíísíìsì sí pépà

Ibí niṣẹ́ wà. Ká ní tíísíìsì yín dá lé omi kànga ní Modákẹ́kẹ́: ẹ bu omi nínú kànga 40, lásìkò òjò àti lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì bi àwọn onílé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kànga wọn. Pépà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan sọ ohun tí ìyípadà àsìkò ń ṣe sí omi. Èkejì sọ bí ìtọ́jú kànga ṣe kan mímọ́ omi. Ẹni tó bá gé e sí mẹ́fà, olùyẹ̀wò tí jọ́nà yàn láti ka iṣẹ́ náà yóò rí kànga 40 kan náà nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lè dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní tíísíìsì kí ẹ máa gé e kù. Ẹ mú tábìlì tàbí àwòrán mẹ́ta sí márùn-ún tó gbé ọ̀rọ̀ pépà yẹn ró, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣe iṣẹ́ náà, ẹ kọ èsì, lẹ́yìn náà ìtumọ̀ èsì. Ìfáàrà wá tẹ̀ lé e. Ọgọ́ta ojú ewé tí ẹ fi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn aṣáájú yóò di ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n òǹkàwé jọ́nà ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìsọníṣókí, èyí tí à ń pè ní abstract, ni kí ẹ kọ kẹ́yìn, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kà tí wọn kò ní ka èyí tó kù. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Èsì fi hàn pé omi àwọn kànga kan kò dára.” Kò sọ nǹkan kan. Kànga mélòó? Kí ló wà nínú rẹ̀? Nígbà wo? Ẹ fi wé èyí: “Nínú kànga 40, a rí E. coli nínú 27 lásìkò òjò, àti nínú 11 lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀.” E. coli ni kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyẹn o, ṣùgbọ́n irú gbólóhùn kejì yìí ni ẹlòmíì lè tọ́ka sí.

Bí ẹ bá fẹ́ bi ènìyàn ní ìbéèrè tàbí gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń ṣèwádìí lé lórí kí ẹ tó jáde. Wọn kì í fúnni ní àṣẹ náà fún iṣẹ́ tó ti parí, ọ̀pọ̀ jọ́nà ni yóò sì béèrè nọ́ńbà ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ ta ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣíwájú, ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kan. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ṣé a lè jọ wo bí orúkọ wa yóò ṣe tò?” Kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹ wá fi ìpinnu náà ránṣẹ́ nínú ímeèlì kí gbogbo yín lè ní i lọ́wọ́. Ẹni tó yá yín ní ẹ̀rọ tàbí tó fún yín lówó, ibi ìdúpẹ́ ni orúkọ rẹ̀ wà. Ẹni tó kópa nínú èrò, iṣẹ́ àti kíkọ rẹ̀ ni òǹkọ̀wé.

Jọ́nà wo?

Ẹ wo àwọn ìwé tí ẹ tọ́ka sí. Jọ́nà tó bá yọjú ní ẹ̀ẹ̀mẹta síwájú ti ń bá irú òǹkàwé yín sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó wà ní DOAJ (Directory of Open Access Journals) tàbí ní African Journals Online, àwọn ojú òpó tó ń to jọ́nà jọ. Ẹ fi ISSN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà, wé èyí tó wà ní portal.issn.org, nítorí àwọn gbájúẹ̀ kan ń jí orúkọ jọ́nà tòótọ́, wọ́n á sì ṣí ojú òpó mìíràn fún un. Ojú òpó Think. Check. Submit. ní ìbéèrè tó dára tí ẹ lè bi ara yín. Jọ́nà tó bá ṣèlérí láti gba pépà láàrin ọjọ́ mẹ́ta, tó ń kí yín ní “Dear Eminent Professor” nígbà tí ẹ ṣì wà ní másítà, owó yín ló ń wá. Pé ó hàn ní Google Scholar kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ jọ́nà ló ní ọ̀nà tí òǹkọ̀wé kì í san kọ́bọ̀: ẹ yan “subscription”, níbi tí òǹkàwé tàbí ilé ìkàwé ti ń sanwó, ẹ má yan “open access”, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí gbogbo jọ́nà náà bá jẹ́ open access, ẹ béèrè ìdáríjì owó nígbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba pépà. Ẹ má sì fi pépà kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà láé.

Kí ẹ tó ṣí ojú òpó ìfiránṣẹ́, ẹ ti kọ àkọlé, abstract, ọ̀rọ̀ atọ́nà (keywords), orúkọ, ímeèlì àti ORCID gbogbo òǹkọ̀wé sínú fáìlì kan. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, ojú òpó sì lè tì yín síta ní ìdajì ọ̀nà.

Bí èsì bá dé pé “major revision”, ìyẹn pé kí ẹ lọ ṣe àtúnṣe ńlá, wọn kò tíì lé yín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí inú yín rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ olùyẹ̀wò kọ sínú fáìlì tuntun, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ dáhùn lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ojú ewé àti ìlà tí àtúnṣe wà. Èyí tí ẹ kò bá gbà, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ ìdí pẹ̀lú ẹ̀rí, ẹ má fi í sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ló ń bí olùyẹ̀wò nínú jù. Ọjọ́ tí pépà bá jáde, ẹ ka orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ fi DOI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ pépà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kún ORCID yín, ẹ sì wò ó lẹ́yìn oṣù kan bóyá Google Scholar ti gbé e sábẹ́ orúkọ tó yẹ.