Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí a rẹ̀ sílẹ̀: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí a bá ń yan amọ́tísọ̀

Àwọn tó ní bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, wọ́n á rẹ mọ́tò sílẹ̀ tán, wọ́n á tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, wọ́n á wá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò lọ béèrè amọ́tísọ̀ (ṣọ́ọ̀kù) tó le jù lọ. Líle kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Gígùn ni.

Amọ́tísọ̀ kì í gbé mọ́tò ró. Lára T2, ìran kejì bọ́ọ̀sì yìí, tí Jámánì ṣe láti 1967 sí 1979, irin tí ń lọ́ ló gbé e ró níwájú àti lẹ́yìn. Kí irin náà má máa jó ni iṣẹ́ amọ́tísọ̀. Bí bọ́ọ̀sì yín bá ń kanlẹ̀, amọ́tísọ̀ líle kò ní gbé e dìde, eyín yín ni yóò máa gbọ̀n.

Bí wọ́n bá yí irin yẹn kí mọ́tò lè wálẹ̀, apá tó di táyà mú ti gòkè kí ẹ tó kúrò nílé. Amọ́tísọ̀ tó gùn bíi ti ìbẹ̀rẹ̀ á ti wọnú ara rẹ̀ jù, àyè tó kù fún un kò tó nǹkan. Ẹ wá sáré gun òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù lọ́nà Pọ́bẹ̀: písítìnnì á kan ìsàlẹ̀ gbà, fáàfù inú rẹ̀ á bàjẹ́, òróró á máa jò. Nígbà míì ibi tí wọ́n dè é mọ́ gan-an ló ń ya. Olówó mọ́tò á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe dandan, ọjà náà lè dára.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì bó ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ spindle iwájú, irin tí táyà ń yí lé lórí, ló pààrọ̀, tí kò fọwọ́ kan irin, apá ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ kò nílò amọ́tísọ̀ kúkurú níwájú. Ó sì lè jẹ́ pé irin ló yí lẹ́yìn! Nítorí náà iwájú àti ẹ̀yìn lè má gba gígùn kan náà.

Orí jáàkì lọ̀pọ̀ ti ń wọn àyè tí amọ́tísọ̀ á wà, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ìwọ̀n yẹn wúlò fún ohun kan péré: amọ́tísọ̀ tó bá nà tán gbọ́dọ̀ tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni táyà á máa fi rọ̀. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ kó ẹrù sí i, ibùsùn, gáàsì, èèyàn. Omi lítà 60 nìkan, kílò 60 ni. Ẹ wọn láti bóòtù òkè dé tìsàlẹ̀, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n tí amọ́tísọ̀ á fi wọlé kí apá tó kan rọ́bà ìdádúró, èyí tí kì í jẹ́ kí apá gòkè jù. Amọ́tísọ̀ tuntun tó bá wọlé tán gbọ́dọ̀ kúrú ju èyí tó kù lọ.

Àwọn kan ń gé rọ́bà yẹn dànù nítorí kò jẹ́ kí mọ́tò wálẹ̀ tó. Ẹ má gbà fún wọn o.

Amọ́tísọ̀ ti T3, ìran kẹta tó jáde ní 1979, kì í ṣe ẹgbẹ́ ti T2, sípíríǹgì wíwé ló wà lára mọ́tò yẹn. Ẹ ṣọ́ra tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, kí wọ́n má fi ti T3 fún yín. Amọ́tísọ̀ onígáàsì ń ti ọ̀pá síta, ó lè gbé mọ́tò sókè díẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tí a lè yí líle rẹ̀ padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù, pàápàá fún ojú ọ̀nà pupa agbègbè Kétu.

Méjì méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, ọ̀tún àti òsì. Tí ẹ bá sì ti kó ẹrù dé Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà ìdádúró: bí àpá tuntun bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yí irin náà sókè díẹ̀.