Àwa Gan-an La Ń Lé Wọn Kúrò Lórí Pápá

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ọmọ ọdún 3 pé kó sáré, àwa la máa ń pariwo pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé tó bá fi máa pé ọdún 14, irọ́ ló ń pa lọ́jọ́ eré ìdárayá, inú ń run mí, mo gbàgbé kánfáàsì mi sílé?

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni ká máa fi eré sísá jẹ ọmọ níyà. Ó pẹ́ dé, óyá, sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, óyá, máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Tó bá dọ̀la ẹ tún máa ní eré sísá dáa fún ara, èwo ni kó wá gbà gbọ́? Èmi náà ti ṣe é rí o, mi ò ní parọ́, ìgbà tí ọmọ kan tó mọ eré sá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sá pamọ́ fún mi lojú mi là. Àbúrò ìyẹn ni ká gba bíréèkì lọ́wọ́ ọmọ torí pé kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ara ẹ̀ kì í gbélẹ̀ yẹn ló nílò bíréèkì jù, ẹ há a mọ́ kíláàsì kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa dà yín láàmú lọ́sàn-án.

Eré tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti fìdí rẹmi á lọ jókòó ńkọ́? Ọmọ tí ò yára ló máa kọ́kọ́ jáde, á wá jókòó máa wo àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kó fò lẹ́ẹ̀márùn-ún kó padà sínú eré náà, ó tán. Ẹ má sì ní kí kápútẹ́nì méjì máa ṣa ọmọ lójú gbogbo ayé, ẹni tó bá ṣẹ́ kù kẹ́yìn ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé, ẹ pín wọn fúnra yín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 ṣe eré ìdárayá lójúmọ́. Lọ́dún 2019 wọ́n ní nínú àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17, ìdá 85 nínú 100 àwọn ọmọbìnrin ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ìdá 78. Bọ́ọ̀lù nìkan la sì ń jù sí wọn! Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́, ó lè jẹ́ ijó, ó lè jẹ́ okùn fífò, ó lè jẹ́ kí wọ́n kàn máa rìn kí wọ́n sì máa tàkúrọ̀sọ. Ọ̀rọ̀ ká máa fún ọmọ lẹ́bùn kó lè ṣeré, ẹ rọra ṣe o, tí ẹ̀bùn bá tán eré náà máa ń tán. Ká máa sọ̀rọ̀ sí ọmọ pé ó sanra, ìyẹn ò tiẹ̀ yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ.

Ẹ kúrò lórí àga tẹ́ ẹ gbé sábẹ́ igi yẹn náà. Orúnkún mi ò gbà mọ́, àmọ́ mo máa ń bá wọn sá díẹ̀, tí wọ́n bá ti rí mi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín ló kù, kì í sẹ́ni tó ń rántí mọ́ pé inú ń run òun.